Aṣọ Ìkéde Gyuwon

Nígbà tí Gyuwon parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, tí ilé-iṣẹ́ kan ní Seoul gbà á, àwọn ará abúlé rẹ̀ ta aṣọ ìkéde gbàgàdà sí ẹnu ọ̀nà: "Ẹ bá wa yọ̀! Gyuwon, ọmọ Mansik, ti di ọ̀gá kọ̀ǹpútà!"

Ọ̀gá wo? Kò pé ọdún kan tí ilé-iṣẹ́ náà fi ra ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n sì lé gbogbo wọn. Gyuwon wá di ẹni tó ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pe bàbá rẹ̀, á ní, "Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, Bàbá."

Nígbà ọdún ìkórè, ó gbéra lọ sílé. Ó ti pinnu pé òun fúnra òun lòun máa já aṣọ ìtìjú náà sílẹ̀. Kò bá a níbẹ̀ mọ́. Àgbàlá ilé wọn ló ti rí i: bàbá rẹ̀ ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó dojú ibi tí wọ́n kọ̀wé sí délẹ̀, ó wá sá ata pupa sí i lórí.

Ojú gba Gyuwon tì. Ó dà bíi kí ilẹ̀ là kó gbé e mì.

"Bàbá, ẹ ti mọ̀?"

"Láti oṣù kẹrin. Mo pe ibi iṣẹ́ ẹ, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ẹ́ mọ́."

"Ẹ wá ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ọ̀gá mi ńkọ́?"

Bàbá ń yí ata, kò gbójú sókè.

"Dìndìnrìn. Tí mo bá ti sọ pé mo mọ̀, ṣé wàá tún pè mí?"