Dá Wọn Padà

Láàárọ̀ yìí, mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ mi ṣe da kẹrosíìnì sínú abọ́, ó fi ń fọ irin. Òórùn yẹn ló gbé mi padà sí àgbàlá wa ní Bẹ́yẹrúnkà.

Látìgbà tí òjò ti ba ọ̀nà oko jẹ́, tí mọ́tò ò dé ibẹ̀ mọ́, ilé ni bàbá mi ń sùn lójoojúmọ́. Wọ́n wá ra alùpùpù àtijọ́ kan tó ti dípẹtà, irú èyí tí táyà rẹ̀ ní eyín ńláńlá tó fi ń la ẹrẹ̀ kọjá. Àwọn àti màmá mi ló jọ ń tún un ṣe.

"Ṣé ó ti mọ́?" ni bàbá béèrè lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́ náà.

"Ó mọ́ tónítóní. Ẹ gbà á." Màmá na kabúrétọ̀ sí wọn. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi fọ̀ ọ́ nínú kẹrosíìnì, ọwọ́ wọn sì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

Nígbà tí bàbá wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ, màmá rọra fọwọ́ nu táǹkì, wọ́n ní, "Dá wọn padà fún mi o."

Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo kó àwọn sípánà tí a yá lọ́wọ́ aládùúgbò wa, mo sáré lọ dá wọn padà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé alùpùpù ni màmá ń bá sọ̀rọ̀, torí bàbá ní ìyàwó mìíràn tó ń retí wọn lóko.

Nígbà tí mo dé, bàbá ti gun alùpùpù lọ, èéfín rẹ̀ nìkan ló kù lágbàlá. Màmá jókòó sílẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, ìyẹ́ adìyẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Màmá, mo ti dá wọn padà."

Wọ́n yíjú padà kíá, wọ́n ń wo ọ̀nà lẹ́yìn mi.