Ojú Tí Wọ́n Ní Kí Àbúrò Mi Gbé Sókè ní Lomé

Àkùkọ ò tíì kọ tí mo fi kúrò ní Atakpamé. Wọ́n ti mú Ràímì, àbúrò mi tó ń bá mi ta aṣọ ní Lomé. Wọ́n ní aṣọ fàyàwọ́ ló ń tà. Bí n kò bá tètè dé, wọ́n á mú un lọ lànà fún ìjọba Faransé, ẹni tó bá sì lọ síbẹ̀ kì í tètè bọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin kún fọ́fọ́, èéfín rẹ̀ sọ gèlè mi di dúdú. Lọ́nà, mo ra abolo, ẹ̀kọ àwọn Mínà, pẹ̀lú ẹja díndín. Ó wọ́n ju ti ilé lọ, ó tún dùn bí ẹni pé wọ́n fi ṣúgà sí i. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ebi ò mọ oúnjẹ tiwa yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì.

Òyìnbó tó wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti Ràímì mọ́, yovo lẹ́nu àwọn ará Lomé, ti ṣiṣẹ́ ní Kétu rí, ó sì ń kọ́ èdè wa. Ó ń pè mí ní "ìwọ", mo fi sílẹ̀ fún un. Ó fi ìka kan ojú ara rẹ̀.

"Èyí ni ojú. Mo mọ̀ ọ́n. Àbúrò rẹ kò wò mí lójú. Irọ́ ló ń pa."

Mo ní, "Ojú tí ẹ mọ̀ yẹn kéré, ọ̀gá. Ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí, ó fojú di í nìyẹn. Èyí tó bá wo ilẹ̀, ojú ń tì í, wọ́n sì kọ́ ọ nílé. Pàṣán ni bàbá wa fi kọ́ Ràímì."

"Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó wo ilẹ̀ ń purọ́ ni."

"Ilẹ̀ Faransé kọ́ la wà."

Wọ́n mú Ràímì wọlé, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Òyìnbó ní kí n sọ fún un kó wo òun lójú, òun á sì gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré lè gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi.

Mo ní, "N kò ní í sọ ọ́. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́, èmi kọ́ ni màá bà á jẹ́. Èmi ni kí ẹ bi." Mo tẹjú mọ́ ọn. "Èmi ni mo ra aṣọ yẹn ní Kéta, ní ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, mo sì san owó ibodè. Ẹ pe ẹ̀ṣọ́ ibodè, kí ẹ bi í."

A wo ara wa títí. Òun ló kọ́kọ́ gbójú kúrò. Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ sì ní òótọ́ ni mo sọ. Ohun tí ì bá ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ká máa lọ, kò bẹ̀ wá.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá ń kọ́ èdè wa, tí kò bi wá bí wọ́n ṣe tọ́ wa, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ìyá wa bi Ràímì pé ta ló gbà á sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, Ìyá." Inú mi dùn pé wọn ò rí i bà jẹ́ ní Lomé.