Ọjọ́ Tí Gbogbo Ẹgbẹ́ Kúnlẹ̀

Orí béèsì kẹta ni mo wà nígbà tí ogun wọ àdúgbò wa. Àárọ̀ Sátidé ni, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, níbi tí wọ́n ti bí mi. Kickball là ń gbá, eré tí àwọn obìnrin ibẹ̀ fẹ́ràn gan-an. Òfin béísíbọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní Amẹ́ríkà níbí náà ni, àfi pé ẹsẹ̀ là ń lò. Ẹnìkan á yí bọ́ọ̀lù wá nílẹ̀, èkejì á gbá a, á sáré tẹ béèsì mẹ́rin, àwọn àmì ilẹ̀ tó yí pápá ká, títí á fi padà síbi tó ti gbéra. Oníṣòwò kan ló ni ẹgbẹ́ wa, ó ń sanwó fún wa lóṣooṣù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, mo sì ń fi iṣẹ́ náà yangàn.

Nígbà tí ìró ìbọn kọ́kọ́ dún, a rò pé òjò ń rọ̀ bọ̀ lórí páànù ni. Rẹfirí wo ojú ọ̀run. Ìró kejì sún mọ́ wa, àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó ní kí n dúró, ni mo bá sáré parí èyí tó kù, mo tẹ ibi tó yẹ kí n tẹ̀, mo wá bojú wẹ̀yìn kí rẹfirí lè kà á fún mi. Rẹfirí ti sá lọ, fèrè rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó sáré lọ bá ìyá mi.

Ilé mi ní Lilburn, létí Atlanta, ni mo ti ń kọ èyí. Mò ń kọ ọ́ fún Demi, ọmọ ọmọ mi. Mò ń kọ ọ́ fún àwọn ìyá ìjọ wa pẹ̀lú, tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lójú mi àti lẹ́yìn mi pé mi ò kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìkúnlẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí ẹnu lè sinmi.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi. Bàbá mi ló mú un wá sí Làìbéríà, bàbá sì ti kú kí ogun tó dé. Ìyá ń ránṣọ níwájú ilé. Ilà gọ̀mbọ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Èmi ò ní ilà, bàbá mi ló kọ̀. Ìkúnlẹ̀ ni ìyá fi dí àlàfo yẹn. Bí àgbà bá gbé omi fún ẹ, kúnlẹ̀. Bó bá pè ẹ́, kúnlẹ̀ kí o tó jẹ́ ẹ. Orúnkún méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, nítorí ó ní orúnkún kan jẹ́ ti ẹni tó ti ń múra láti sá. Àwọn ọmọ Làìbéríà tí a jọ dàgbà máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò lè jáwọ́. Ó ti wọ̀ mí lára.

Ìjọba Nàìjíríà wà lára àwọn tó rán sójà wá láti pẹ̀tù sí ogun náà. Àwọn ọlọ́tẹ̀ tó gba àdúgbò wa bínú sí ìyẹn, wọ́n ń wá ọmọ Nàìjíríà láti ilé dé ilé. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní òpópónà wa, ará Ìjẹ̀bú, ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Rédíò tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ títí bátìrì fi kú. A kò tún gbúròó rẹ̀.

Musu ló gbà wá. Òun ni olórí ẹgbẹ́ wa, òun ló sì ń yí bọ́ọ̀lù. Ọmọ Làìbéríà ni, abiyamọ tó ní ọmọ méjì, ó ju mí lọ dáadáa. Ó ti bárò wá sẹ́yìn ilé wa, ó ní kí ìyá mi jókòó sínú rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó lójú. Níbi tí àwọn ọlọ́tẹ̀ ti dí ọ̀nà, ó sọ fún wọn pé ìyá ọkọ òun ni, pé odi ni, pé àrùn tó ń ranni ló ń ṣe é. Wọ́n fi ẹnu ìbọn júwe ọ̀nà fún wa pé ká máa lọ kíá. Yàrá ẹ̀yìn ilé Musu ni ìyá mi wà láti ọjọ́ náà, kò rí oòrùn mọ́.

“Nancy lorúkọ ẹ,” Musu sọ fún mi. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ́. Bí àgbà bá kí ẹ, wò ó lójú, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ìka yín ta pà bí a ṣe ń ṣe é níbí. Má tún kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi. “Háà! Kí ọmọ mi máa bọ àgbà lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n jọ ń ta ayò?” Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Ó dáa. Kí ọmọ mi kọ́ ọ. Bó bá yè é, màá tún un kọ́.”

Oúnjẹ ti tán nílùú, a ń jẹ ewé ọ̀dùnkún àti ọkàn ọ̀pẹ, ìyẹn inú rírọ̀ orí igi ọ̀pẹ. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ìyá mi wú. Bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ihò á dúró síbẹ̀. Mo ti rí i lára àwọn mìíràn tí ebi ń pa, mo mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù bà mí ju ti ìbọn lọ.

Nígbà náà ni ọ̀gá àwọn ọlọ́tẹ̀ ní kí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbá kickball padà. Ó fẹ́ kó dà bíi pé nǹkan ti bọ̀ sípò. Gbogbo Sátidé, ẹgbẹ́ wa àti ẹgbẹ́ kejì lódìkejì odò á pàdé, ẹgbẹ́ tó bá borí á gba ìrẹsì. Ìyẹn ni owó oṣù wa. Bọ́ọ̀lù náà ti lu, wọ́n fi àkísà dí i. Àwọn tó fìdí rẹmi ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo, a sì mọ àwọn ọmọ wọn lórúkọ. Mo ṣì gbá a pẹ̀lú gbogbo agbára mi, n kò ní purọ́ fún yín. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Lẹ́yìn Sátidé mẹ́ta, wíwú ẹsẹ̀ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Sátidé kẹrin, ìyá ọ̀gá náà wá wòran. Arúgbó ni, ó wé gèlè funfun, wọ́n gbé àga sí abẹ́ igi fún un. Èmi ni mo sá eré tó fún wa ní ìborí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ibi tí mo wà. Arúgbó náà pè mí. Ó bu ìrẹsì sínú abọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi, ó ní, “O ṣé é, ọmọ mi.”

N kò rán orúnkún mi níṣẹ́. Kí n tó mọ̀, méjèèjì ti kanlẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́tẹ̀ ní, “Ọ̀gá, mo mọ àwọn tó ń kí àgbà báyìí.” Ó sọ ìbọn kúrò léjìká.

“Ta ni ẹ́?” ọ̀gá bi mí.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀ láti àárín pápá. Musu kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orúnkún méjèèjì. “Nancy ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí. “Báyìí là ń ṣe nínú ẹgbẹ́ wa bí ìyá bá fún wa ní oúnjẹ.” Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó kù. Ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kìíní wá, ó kúnlẹ̀. Ti béèsì kejì wá. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn, títí kan ẹnìkan tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó ti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú wọn. Òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí àwọn ọmọ tó mọ iyì ìyá,” ó wí. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè dójú ti ìyá rẹ̀. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Sátidé tó ń bọ̀, èmi náà á wà níbí. Kí Nancy wá.”

Kí oòrùn tó wọ̀, Musu ti di ìrẹsì náà fún wa. “Ẹ máa lọ nísinsìnyí. Ọ̀gá yóò ro ọ̀rọ̀ náà, yóò sì mọ̀.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Bí gbogbo wa bá sá, wọ́n á lépa wa. Mo ní ọmọ. Màá sọ pé o lọ sí abúlé.”

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó gbá mi ní apá mú kí orúnkún mi tó tẹ̀. “Dúró dáadáa,” ó wí. “Ṣé o ò gbọ́n síbẹ̀?” Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ìka wa ta pà. Ìyẹn ni ìdágbére wa.

Ọjọ́ méjì la fi rìn kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú wọn kí ìyá mi ní Yorùbá, ìyá jókòó sílẹ̀ lójú títì, ó sunkún. Ó gbé ọdún púpọ̀ láyé lẹ́yìn náà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tún mi kọ́ ní ìkúnlẹ̀ mọ́, èmi náà kò bi í.

Nígbà tí mo dé Atlanta, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Forest Park ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Gbogbo ọmọ Làìbéríà tí mo bá pàdé ni mò ń bi nípa Musu. Obìnrin kan tí a jọ ń di páálí wá láti àdúgbò yẹn. Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró kó tó dá mi lóhùn. Ó ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n bi Musu léèrè Nancy, wọ́n sì mú un lọ láti orí pápá. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún rí i. Kò sì sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà n kò lè jókòó pẹ́ lójú kan. Mo ń rìn káàkiri ilé, mo ń wo fèrèsé. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo pinnu pé bí n kò bá kúnlẹ̀ fún Musu, n kò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ mi kò sì ní kọ́ ohun tó lè pa á. Ìyá kan láti Suwanee dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. “Sister, àwọn ọmọ yín ń say hi sí mi bí ẹgbẹ́ wọn o. Ẹ ò train wọn ni?”

“Orúnkún wọn ò dáa, mà,” mo wí. “Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti jogún ẹ̀.”

Sátidé tó kọjá, mo tẹ̀ lé Demi lọ síbi softball rẹ̀, eré tó jọ béísíbọ́ọ̀lù, ní páàkì tó wà nítòsí ilé. “Grandma, ẹ sit down now,” ó wí. “Ẹ ti ń walk up and down since warm-up.”

“Mò ń bọ̀, ọkọ mi.”

Láàárín eré, ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ kejì sáré dé béèsì kẹta, ó ṣubú, ó di ẹsẹ̀ mú, ó ń ké. Eré dúró. Lẹ́sẹ̀kan náà, gbogbo ọmọ tó wà lórí pápá, ti ẹgbẹ́ méjèèjì, kúnlẹ̀. Demi náà kúnlẹ̀.

Mo gbá ọmọbìnrin mi, ìyá Demi, tó dúró tì mí, lápá mú. “Ta ló ní kí wọ́n kúnlẹ̀? Kí ni wọ́n ṣe?”

“Mummy, calm down. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí player bá get hurt, everybody á take a knee títí tó máa dìde.”

Orúnkún kan ni. Ìyá mi ìbá ti bá wọn wí. Mo di ọgbà tó yí pápá ká mú, mo sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí koríko, méjèèjì kanlẹ̀.

“Mummy! Knee yín ńkọ́?”

“Kò sóhun tó ṣe é,” mo wí. Mo wá sọ ọ́ síta, ní Yorùbá tí Musu kò gbọ́ nígbà ayé rẹ̀: “Musu, ẹ ṣé. Ẹ ṣé, mà.”

Ọmọ náà dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, eré bẹ̀rẹ̀ padà. Èmi kò tíì dìde.