Koríko Tí Màmá Mi Ro Ní Padova

Torí pé màmá mi gbálẹ̀, àwọn ará ilé wa ti géètì ọgbà mọ́ wọn.

Mo fẹ́ kí gbólóhùn yẹn dá dúró bẹ́ẹ̀, torí níbi ìpàdé tí wọ́n ti dá ẹjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n parí gbólóhùn kan ṣoṣo. Wọ́n ní mò ń pariwo. Ó dáa. Ẹni tó ń kọ̀wé kì í pariwo. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ.

Ilé alájà mẹ́rin là ń gbé ní Padova, ní Italy, àwa la wà lókè pátápátá. Ọgbà kan wà lẹ́yìn ilé náà tó jẹ́ ti gbogbo wa. Torí pé ti gbogbo wa ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lò ó. Òfin rẹ̀ wà lára ògiri: má gbá bọ́ọ̀lù, má sá aṣọ, má jẹun, má jókòó sórí koríko. Látìgbà tí a ti kó débẹ̀, ẹ̀dá kan ṣoṣo tí mo rí tó ń gbádùn ọgbà yẹn ni ológbò kan, òun náà kì í sì í ṣe ará ilé wa.

Ìgbà tí ooru ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni mo bí ọmọ mi kejì, màmá mi sì ti ilé wá bá mi wẹ ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n kírun asùbáà tán, wọ́n bọ́ sí balcone, wọ́n wo ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń tún ọgbà ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin koríko tuntun ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí tí òjò oṣù kẹsàn-án bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó hù níbìí, kò hù lọ́hùn-ún, bí irùngbọ̀n ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Ewé gbígbẹ bo ìyókù.

Màmá pè mí. "Ta ló kú nílé yìí?"

"Màmá, ẹnikẹ́ni ò kú o."

"Tí ẹnikẹ́ni ò bá kú, kí ló dé tí koríko fi gba ẹ̀yìnkùlé yín? Ilé tí èèyàn ń gbé nìyí àbí ahoro? Ṣé kí ejò wá bá ọmọ tuntun ṣeré ni?"

Mo ní ejò kì í wọlé èèyàn ní Padova. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí yunifásítì ti bà jẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ìró ìgbálẹ̀ ló jí mi. Inú àpótí ni màmá ká a sí láti ilé, láàárín aṣọ, torí wọn ò gbà pé ẹni tó ń gbé ìlú òyìnbó lè ní ìgbálẹ̀ gidi. Ṣà, ṣà, ṣà. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ nílé bàbá mi nìyẹn. Mo yíra padà, mo sì sun oorun tí mi ò sùn rí látìgbà tí mo ti bímọ.

Oorun yẹn ò tọ́jọ́. Obìnrin àgbàlagbà kan ń gbé nísàlẹ̀ pátápátá, fèrèsé wọn kọjú sí ọgbà. Signora, ìyẹn madam, la máa ń pè wọ́n. Signora gun òkè wá sọ fún mi pé ariwo ìgbálẹ̀ ò jẹ́ káwọn sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn bá mi lọ. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan máa ń gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn wá síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà á máa bú bíi bàálù tó fẹ́ gbéra, á fẹ́ gbogbo ewé wa sí ọgbà aládùúgbò. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ ti aládùúgbò á fẹ́ ẹ padà fún wa. Èyí kì í dí Signora lóorun. Ìgbálẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀, màmá mi ò ní wọn sínú. Wọ́n pàdé Signora lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi àgbà di ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ mú. Màmá ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó darúgbó kùjọ́kùjọ́."

Signora bi ọmọ mi pé kí ni màmá wí. Ọmọ yìí, tó jẹ́ pé Italian ló fi ń dá èmi alára lóhùn, túmọ̀ rẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò: "Dice che devi diventare vecchia, vecchia, vecchia."

Pé wọ́n gbọ́dọ̀ di arúgbó, arúgbó, arúgbó! Signora, tí ewú kan ò tíì ráyè yọjú lórí wọn rí torí aró, wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé gbàà. Màmá ní, "Kò ṣe àmín."

Ohun tó wá fa ẹjọ́ gan-an rèé. Ọmọ ò jẹ́ kí n sùn mọ́jú, mo wá sùn kọjá àkókò. Kí n tó jí, màmá ti mú ọ̀bẹ ìdáná kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ro gbogbo koríko tuntun náà tán. Wọn ò fọwọ́ kan òdòdó. Wọn ò fọwọ́ kan igi. Koríko nìkan ni, wọ́n kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n wá gbá ilẹ̀ náà títí ipa ìgbálẹ̀ fi hàn lára rẹ̀ bí ìlà irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.

"Wá wò ó," wọ́n ní. "Ẹ̀yin náà ti ń gbélé èèyàn báyìí."

Mo mọ̀ pé a ti dáràn. Mo tún mọ̀ pé ọgbà yẹn ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí n tó gbé omi tíì kaná, fọ́tò ilẹ̀ náà ti wà lórí WhatsApp ilé. Ascensore wa, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè, bàjẹ́ nígbà tí oyún mi wà ní oṣù kẹrin, mo gbé ikùn gun àtẹ̀gùn títí mo fi bímọ, wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe láti kó èèyàn jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ti koríko, ìpàdé jókòó láàárín ọjọ́ méjì. Àwọn tí mi ò rí rí yọjú. Mo rò pé yàrá kan ṣófo lájà kejì ni, àṣé èèyàn ń gbébẹ̀.

Amministratore ló ṣalága, ìyẹn ọkùnrin tí gbogbo wa ń sanwó fún pé kó máa bójú tó ilé. Ó kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn, èmi, ọkọ mi àti màmá jókòó síwájú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí tó rí oòrùn. Ó ní òun rí ọ̀nà tí kò ní í pa ẹnikẹ́ni lára. Ó ní bóyá signora anziana, ìyẹn màmá mi tó ti dàgbà, ti ń di ẹni tó jẹ́ confusa díẹ̀. Pé tí èmi ọmọ wọn bá lè sọ níwájú ìpàdé pé orí màmá ò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́, insurance á tún koríko gbìn, géètì á wà ní ṣíṣí, ọ̀rọ̀ á parí.

Gbogbo wọn ń mi orí, wọ́n ń káàánú wa. Àánú yẹn gan-an ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì wọ́n.

Ọkọ mi, tí kò tíì bọ́ aṣọ tó wọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Marghera, sọ sí mi létí: "Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn jàre. Ṣé màmá gbọ́ Italian ni?"

"Daddy, ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe màmá tiyín, ká wá sọ pé orí tiwọn ò pé."



Màmá ní, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Irọ́ ni. A kì í fi irú ojú yẹn kí èèyàn kú iṣẹ́. Bá mi bi wọ́n: kí ni wọ́n ń fi koríko yẹn ṣe? Ṣé ewúrẹ́ wọn ló ń jẹ ẹ́?"

Eléyìí, mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Ọkùnrin kan wúkọ́. Amministratore ní ti decoro ni, ìyẹn ni pé kí ilé lè níyì lójú ará ìta. Mo sọ ọ́ fún màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn."

Mo ní mi ò ní í sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sọ. Bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, wọ́n já lu ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ní mò ń pariwo. Ni wọ́n bá nawọ́ sókè: kí wọ́n ti géètì títí ìgbà òtútù á fi kọjá, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Signora.

Mo rò pé mo ti gba màmá mi sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pọn ọmọ tán, wọ́n ní, "Ẹ bá mi fa ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì mi wá síwájú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé wèrè ló ń wẹ ọmọ yín."

"Màmá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé o rò pé mi ò gbọ́ confusa ni? Mo kàwé dé ìwé mẹ́fà."

Látìgbà náà, wọn ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mò ń fi ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì falẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ń di ẹrù wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì rò pé mi ò rí i.

Nítorí náà, amministratore, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ nawọ́ sókè, ẹ dá mi lóhùn. Èwo nínú yín ni dókítà? Orí ta lẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó dé orí màmá mi? Kí ló dé tí ẹ ò bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ro koríko, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n jókòó síwájú yín, wọ́n lẹ́nu, mo sì wà níbẹ̀ láti túmọ̀? Ta ló ń fi ìtìjú ìyá oníyàá sanwó koríko? Èwo nínú yín ni yóò sì gun àtẹ̀gùn yìí wá, kí màmá mi tó di ẹrù wọn tán, kó wo ojú wọn, kó sọ pé orí wọn pé?