Wọ́n Sọkún Ẹni Tí Kò Kú Nínú Ìwé Àbúrò Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbé ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, kí n rojọ́ ohun tójú mi rí ní Gowon Estate fún yín. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni káfíńtà Ìkọ̀tún tí àga ẹ̀ kì í mì. Prámárì mẹ́rin ni mo ti sá jáde, n kò sì tọrọ jẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pákó yìí náà ni mo fi rán àbúrò mi obìnrin, Rẹ̀mí, lọ sí yunifásítì tó fi di tíṣà. Ta ló tún ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí wa? Kò sí!

Rẹ̀mí yìí kọ ìwé ìtàn kan. Tó bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tán lá máa kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ọdún gbọọrọ. Ìtàn Àrínọlá ni, obìnrin Ìgàndó kan tí ọkọ ẹ̀ sá fi òun àtàwọn ọmọ sílẹ̀. Ìwé jáde, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kí i kú oríire, wọ́n gbà á, ó tán. Kò sẹ́ni tó padà wá sọ ohun tó bá níbẹ̀. Á wá máa bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, àbí kò dáa ni?" Ó ti ń sọ pé bóyá kóun má kọ òmíì mọ́.

Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé mo mọ àwọn èèyàn. Àwọn kan wà ní Gowon Estate tí mo kan àga fún, ẹgbẹ́ òǹkàwé ni wọ́n pera wọn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, àwọn tó ń kọ ìròyìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ìwé làwọn fi ń gbafẹ́ ní Sátidé. Mo sọ fún wọn pé àbúrò mi ju gbogbo ẹni tí wọ́n ń kà lọ. Wọ́n gbà. Rẹ̀mí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n dá ọjọ́.

A débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ wo ìwé lórí tábìlì láàárín òdòdó, kọfí lápá ọ̀tún, wọ́n ń ya fọ́tò ẹ̀! Ṣé ìwé ni wọ́n fẹ́ kà ni, àbí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ?

Alága wọn, Kúnlé, ẹni kọ̀ǹpútà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ikú tí Àrínọlá kú sínú odò mi òun jìgìjìgì. Arábìnrin kan tó ń ka ìròyìn ní òun sọkún débi pé òun ò lè jẹun. Ó tún fi tíṣù nu ojú! Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ní odò yẹn kì í ṣe odò lásán o, pé ìjọba ló dúró fún.

Mo wo Rẹ̀mí. Ojú ẹ̀ ti yí padà. Ó rò pé àwọn atẹ̀wé ló ṣàṣìṣe, pé wọ́n ti di ìwé ẹlòmíì mọ́ tiẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n! "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n wò ó." Ó gba ìwé ọwọ́ alága. Ojú ewé ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn, ó ń dún bó ṣe ń ṣí i. Orí tó gbẹ̀yìn wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Àrínọlá ò kú. Kò tiẹ̀ sí odò kankan nínú ìwé ọ̀hún!

Kúnlé wá jẹ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ fáwọn, lòun bá ya fọ́tò èèpo ẹ̀yìn ìwé, òun fi han ẹ̀rọ AI pé kó bá àwọn gé ìtàn náà kúrú, òun sì fi èsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí WhatsApp. Èèpo ẹ̀yìn nìkan! AI ló pa Àrínọlá. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ṣí ìwé wò nínú wọn.

Omi wo wá ni arábìnrin yẹn ń nù lójú?

Rẹ̀mí bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé kí wá ni wọ́n ń kà gan-an tọ́wọ́ wọn bá dilẹ̀. Onírùngbọ̀n ní ìwé béèyàn ṣe lè tètè jí kó sì lówó, fóònù ló ń kà á fóun nínú mọ́tò, kíákíákíá, bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹlòmíì ní kọ́mẹ́ǹtì táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìròyìn tóun fúnra òun gbé jáde. Arábìnrin onítíṣù rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ká má parọ́ mọ́ jàre. Ìjà tọkọtaya orí fóònù ni mo máa ń kà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Rẹ̀mí ò rín.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀rọ ń kàwé fún yín, ẹ̀rọ ń ronú fún yín. Tẹ́ ẹ bá gbóúnjẹ kalẹ̀, ẹ ní kó bá yín jẹ ẹ́! Ìdí yín nìkan ló wá jókòó sórí àga tí mo kàn, orí yín ò wá!"

Kúnlé ní, "Dádì, ẹ má bínú, a máa tún un ṣe."

Mo ní kí wọ́n kó ìwé wa wá. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú báàgì. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ṣì ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ káwọn ya fọ́tò kan sí i?

Bá a ṣe délé, Rẹ̀mí ní òun ò kọ̀wé mọ́, pé kí n fi èyí tó wà nílẹ̀ dáná. Èmi kẹ̀? Mo kó o sọdá títì, mo gbé e fún Ìyá Rúkà onídìrí, tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní àbúrò mi tíṣà ló kọ ọ́, káwọn oníbàárà ẹ̀ máa kà á tí wọ́n bá jókòó ti irun.

Nígbà tó ṣe, Rẹ̀mí wá kí mi. Ìyá Rúkà tajú kán rí i, ó jáwọ́ nínú irun tó ń dì fún oníbàárà. "Àǹtí Tíṣà! Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́? Kí ló dé tẹ́ ẹ ní kí Àrínọlá ṣílẹ̀kùn fọ́kùnrin yẹn? Lẹ́yìn gbogbo ìyà!"

Oníbàárà tí wọ́n di ààbọ̀ orí fún dìde: "Kó tì í síta ni? Bàbá ọmọ ẹ̀ ni, àìsàn ló gbé e wálé!"

"Àìsàn kọ́, àìsàn ni! Kó padà sọ́dọ̀ èyí tó sá bá!"

Rẹ̀mí fẹ́ ṣàlàyé, wọn ò gbà fún un. Wọ́n ní kó dákẹ́, pé kò mọ Àrínọlá. Òun tó kọ ọ́! Wọ́n bá a jà títí oòrùn fi wọ̀, ó ń dá wọn lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú ẹ̀. Omi gidi o!

Bó ṣe sọdá padà sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n bá òun kan tábìlì ìkọ̀wé. Mo ti ń rẹ́ pákó ẹ̀ lọ́wọ́. Ìrókò ni.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: ẹni tó ń yin iṣẹ́ yín tí kò tíì wò ó, ẹ sá fún un. Ẹni tó bá yín jà lórí ẹ̀, ẹ fún un lága.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti yìn yín rí fún ohun tí kò fojú kàn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ o!