Orúnkún Tíṣà Bọ́lánlé

Bí ẹ bá dé Arandun, tí ẹ béèrè Tíṣà Bọ́lánlé, wọn á kọ́kọ́ fi ilé rẹ̀ hàn yín, lẹ́yìn náà ni wọn á sọ fún yín pé alágídí ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n agídí ò jọra. Agídí wà tó ń tú ilé, agídí sì wà tó jẹ́ pé bí kò bá sí i, òrùlé á ti jábọ́ lé gbogbo èèyàn lórí. Ẹ gbọ́ èyí tó ṣe, kí ẹ wá fúnra yín dájọ́.

Ọmọ Ẹ̀siẹ̀ ni. Sámúẹ́lì bírìkìlà ló fẹ́ ẹ wá sí Arandun, ó sì fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kí ìjọba tó ní kó lọ sinmi. Èyí tí ìjọba kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kíláàsì Sọ́ńdè Sukúù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ìjọ nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Sámúẹ́lì ló kọ́ yàrá náà, òun náà ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ kan ṣoṣo, Olúwatìmílẹ́yìn, ìyẹn sì ti fi Èkó ṣe ilé. Àwọn ọmọ kíláàsì yẹn ló wá kù sí ìyá lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀rín Tíṣà Bọ́lánlé, àfi kó dúró di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ọdún tó kọjá, ọkàn Sámúẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá rìn dé ẹnu géètì, á dúró bíi mọ́tò tí epo ti tán nínú rẹ̀. Ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un. Olúwatìmílẹ́yìn sáré sókè sáré sódò títí ó fi rí ilé ìwòsàn kan ní Chennai, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Bọ́lánlé bá ọkọ rẹ̀ lọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un níbẹ̀, ó sì yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n dókítà ní bàbá ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fi pé. Kó máa jẹun, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó sì máa jókòó sínú mọ́tò gba atẹ́gùn bó bá wù ú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọkùnrin tí kò jókòó sójú kan rí látìgbà tó ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù! Ní ọjọ́ kẹta, ó ti mọ gbogbo ibi tí àwọn tó rẹ́ ògiri yàrá tí wọ́n wọ̀ sí ti ṣe màgòmágó. Ní ọjọ́ kẹrin, ó rí fọ́tò kan nínú mọ́tò Murugan, dírẹ́bà tó ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé òkúta kan ló wà nínú rẹ̀, ó ga fíofío. Murugan ní tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ni, ní ìlú Thanjavur. Ó fi èdè Òyìnbó tó mọ níba ṣàlàyé pé ọba kan ló kọ́ ọ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àti pé kò sí sìmẹ́ńtì kankan láàárín àwọn òkúta rẹ̀.

"Irọ́ ni," ni Sámúẹ́lì wí.

Bí wọ́n ṣe mórí lé títì nìyẹn. Kì í ṣe òrìṣà ló gbé wọn jáde, iyàn bírìkìlà ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Murugan fi ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin sábẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní mọ́tò gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n fọ́ kí ọ̀nà lè dára. Bọ́lánlé náà di ojú, ó ka Sáàmù "Èmi yóò gbé ojú mi sórí òkè wọnnì" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Murugan dúró dè é títí ó fi ṣe àmín kó tó ṣáná sí mọ́tò. Wọ́n yà ní Kanchipuram, ìlú tí tẹ́ńpìlì òkúta pọ̀ sí, níbi tí Sámúẹ́lì ti ń fi ìka kan òpó òkúta bí ìyàwó ilé tó fẹ́ ra ìkòkò. Wọ́n fi ọwọ́ jẹ ìrẹsì lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ata ọbẹ̀ ibẹ̀ mú omi jáde lójú Bọ́lánlé, ọmọ Ìgbómìnà tó ní kò sí ata tó lè dẹ́rù ba òun. Wọ́n sùn sójú ọ̀nà, wọ́n sì dé Thanjavur ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà. Bọ́lánlé rántí Mósè, ó bọ́ tirẹ̀. Sámúẹ́lì kò dúró de ẹnikẹ́ni, ìdí ògiri ló lọ tààrà. Ó fi èékánná wá ibi tí òkúta méjì ti pàdé, èékánná ò wọlé. Ó wá ibòmíràn, kò wọlé. Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń tì í lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ó gbé orí lé ògiri ọ̀mọlé ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún, ó sunkún. Inú Bọ́lánlé dùn dé ibi tí kò lè fẹnu sọ, nítorí ó mọ̀ pé ọkọ òun ti padà bọ̀.

Ṣùgbọ́n oòrùn ti sọ òkúta ilẹ̀ di agbada gbígbóná. Bọ́lánlé ń fò bí ẹni tó tẹ ìjàlọ. Ìyá arúgbó kan jókòó sábẹ́ ìbòòji, ó fẹ̀yìn ti òpó kan, ó tín-ín-rín, ó kéré bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó fọwọ́ pè é. Ó dìde kúrò lórí ẹní rẹ̀, ó fi Bọ́lánlé jókòó síbẹ̀ kó kọjú sí òpó, òun náà jókòó sí ìdí òpó níwájú rẹ̀, ó sì da omi tó gbé wá mu sí i lẹ́sẹ̀. Ó wá mú ẹsẹ̀ náà sọ́wọ́, ó ń fọ̀ ọ́.

Kí àgbà máa fọ ẹsẹ̀ ọmọdé! Bọ́lánlé fò dìde, àfi gbìì tó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà. "Ẹ ṣé o, ìyá mi. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ." Èdè Ìgbómìnà ló fi wí i, ìyá náà sì fi tirẹ̀ dáhùn, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣókùnkùn nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni Sámúẹ́lì nu ojú tán, ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò aya rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ó fi ránṣẹ́ sí Olúwatìmílẹ́yìn. Olúwatìmílẹ́yìn fi sí gúrúùpù mọ̀lẹ́bí. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ó gbà láti ibẹ̀, Wásáàpù kì í gba físà. Kí wọ́n tó dé Arandun, gbogbo ìjọ ti rí i. Wọ́n rí ẹ̀yìn gbàgbàdà Tíṣà Bọ́lánlé, wọ́n rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì rí ère òkúta tí wọ́n gbẹ́ sára òpó, ère ọlọ́wọ́ mẹ́rin tó ń jó. Ìyá arúgbó náà ni wọn ò rí. Ara Bọ́lánlé ti bò ó pátápátá.

Ìgbìmọ̀ ìjọ pè é. Pásítọ̀ Success ló jókòó sí àárín, ọmọ tí Tíṣà Bọ́lánlé ti bá nu ikun imú títí ó fi mọ ìwé kà. Alàgbà Ọlábọ̀wálé, akọ̀wé ìjọ, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò náà lórí fóònù. Bọ́lánlé sọ bí ó ṣe jẹ́. Sámúẹ́lì jẹ́rìí sí i.

"A gbà yín gbọ́, mà," ni Pásítọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó ti rí fọ́tò yẹn pọ̀, àwọn aláìlágbára sì wà nínú ìgbàgbọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ kàn jáde síwájú, kí ẹ ní ẹ kábàámọ̀ pé ẹ kúnlẹ̀ fún òrìṣà. Ẹ ó kúnlẹ̀, a ó gbàdúrà fún yín, ọ̀rọ̀ á tán."

"Ẹ gbà mí gbọ́?"

"A gbà yín gbọ́."

"Ẹ sì fẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí n kò ṣe?"

Alàgbà Ọlábọ̀wálé dá sí i. "Tíṣà, bí ẹ ò bá ṣe é, a ò ní lè fi àwọn ọmọ sí yín lọ́wọ́ mọ́."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Wọ́n mọ ibi tó máa dùn ún, ibẹ̀ náà ni wọ́n fọwọ́ tẹ̀.

Sámúẹ́lì bẹ̀ ẹ́ nílé. "Bọ́lá, ìjọ yìí gbààwẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Sọ ọ́ kó tán." Òótọ́ ni wọ́n gbààwẹ̀, Bọ́lánlé sì fẹ́ràn wọn. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó sunkún sórí ẹ̀fọ́ tó ń já. Ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ inú kíláàsì yẹn, ó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ ò sí nílé, ó mọ èyí tí kì í sọ̀rọ̀ àfi bí èèyàn bá bá a kọrin. Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́ wọn pé, "Ìwọ kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké." Báwo ni yóò ṣe purọ́ kí ó lè máa bá a lọ láti kọ́ ọmọ pé kó má ṣe purọ́?

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, ẹsẹ̀ ò gbèrò. Wọ́n tẹ́ ìrọ̀rí kékeré kan sílẹ̀ níwájú pẹpẹ fún orúnkún rẹ̀. Bọ́lánlé wo ìrọ̀rí náà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀siẹ̀ ni wọ́n bí mi sí," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Àárín ère òkúta ni mo gbé dàgbà. Bọ́ọ̀sì ìjọ yìí la fi ń kó àwọn ọmọ lọ wò wọ́n lọ́dọọdún. Bí ojú tó rí ère bá ń sọni di abọ̀rìṣà, kò sẹ́ni tó kù nínú wa. Àlàájà Sàrátù ni aládùúgbò mi, àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí wọn lójú gbogbo yín. Ṣé mo ti di Mùsùlùmí? Ìyá kan tó jù mí lọ ló fọ ẹsẹ̀ mi. Mo kúnlẹ̀ fún un. Bí mo bá tún rí i lónìí, màá tún kúnlẹ̀. N kò bọ òrìṣà wọn, n kò sì ní bú ilé wọn, torí wọ́n gbà mí sínú rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

"Mà," ni Pásítọ̀ Success wí jẹ́jẹ́, "ẹ ṣáà kúnlẹ̀ ká gbàdúrà."

"Mo ń kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run, mo ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Fún irọ́, orúnkún mi ò tẹ̀."

Sámúẹ́lì ló kọ́kọ́ gbéra láti ẹ̀yìn, ó ń mí gúlegúle, ó rìn wá dúró ti aya rẹ̀. "Èmi ni mo ya fọ́tò yẹn," ló wí. "Ìyá náà wà níbẹ̀. Èmi ni mi ò mọ fọ́tò yà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alàgbà Ọlábọ̀wálé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ Tíṣà Bọ́lánlé kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn.

Àwọn èèyàn rò pé yóò bá ìjọ mìíràn lọ. Ó ní ọkọ òun ló kọ́ ògiri yìí, kò sẹ́ni tó máa lé òun jáde níbẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ló ń wá, ìlà kejì níwájú ló ń jókòó sí, pẹ̀lú gèlè tó ga. Bí àwọn ọmọ bá ń kọrin ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń gbọ́ ohùn wọn, ó sì ń dùn ún wọra. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò dun òun. Ohun tí kò ṣe ni kó tẹrí ba.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeé kan, ó lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ó dúró sí etí títì níwájú gáréèjì, ó ń wá mọ́tò tó ń lọ sílé. Pásítọ̀ Success ń kọjá lórí ọ̀kadà. Ó rí i, ó sọ̀kalẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kò sì gbàgbé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku níwájú gbogbo ayé.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Tíṣà Bọ́lánlé wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Pátákó ńlá kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń polówó ọtí, ìgò bíà orí rẹ̀ ga ju ilé lọ, ìfófòó ń ṣàn ní ẹnu rẹ̀.

"Dìde kíá, ọmọ mi," ló wí. "Wo ohun tó wà lẹ́yìn mi, kí ẹnì kan má lọ ya ìwọ náà ní fọ́tò."

Success gbójú sókè, ó rí ìgò náà. Ó pẹ́ nílẹ̀ kó tó dìde.