Òrí Tí Ìyá Fi Ń Pa Orúnkún

Òórùn òrí gbígbóná ló máa ń jí mi ní yàrá tí mo gbà lẹ́yìn ọjà Sábó, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán. Ọkọ̀ ojú irin á ké láti apá Ọ̀yìngbò, gíláàsì fèrèsé mi á gbọ̀n díẹ̀, n ó sì gbọ́ ohùn Ìyá tó wà ní yàrá kejì, opó kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń rọ ọmọbìnrin wọn: "Fara dà á. Ó ti fẹ́ rọ̀." Bí mo ṣe wà láàárín oorun àti ojú lílà, ó máa ń dà bíi pé èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Aránṣọ ni ọmọ náà, yàrá iwájú ilé ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ̀. Láti kékeré ni kókó líle kan ti wà lókè orúnkún rẹ̀, kò dùn ún, kò sì dí i lọ́wọ́, àfi lọ́dún yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí wú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́ mọ́. Ìyá gbà pé ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan tí àwọn onílara gbé sẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: omi gbígbóná, táwẹ̀lì, òrí, láràárọ̀, kí kókó náà lè tú ká. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń wú. Bó ṣe ń wú ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.

Nítorí pé akọ̀ròyìn kì í bẹ̀rù ìbéèrè, èmi ni wọ́n ní kí n sin àwọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà fi ìka kan kàn án. Ó ní kókó tó ti sùn láti kékeré, tó wá jí nígbà téèyàn ti dàgbà, máa ń ba òun lẹ́rù. Ó lè ti di jẹjẹrẹ, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, gígé ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà.

"Dókítà," Ìyá sọ, "ẹsẹ̀ lọmọ mi fi ń jẹun o."

"Ẹ̀rọ ọ̀hún ṣáà lè gba ẹsẹ̀ kan, Màmá," Àǹtí dáhùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ya fọ́tò egungun náà. Nígbà tí dókítà gbé e sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gba inú rẹ̀ kọjá, mo sì rí i: egungun funfun bí ẹ̀ka igi nínú kùrukùru, kókó náà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí olú tó hù lára igi. Ó lẹ́wà, ó sì ń dẹ́rù bani. Dókítà ní etí rẹ̀ dán, kò jẹ egungun níbì kankan. Kí ló wá mú un wú? Ó yíjú sí Ìyá, ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fi sí i.

"Òrí ni. Mo sì ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Màmá, egungun ni. Kì í tú ká. Ẹran tó wà láàárín ọwọ́ yín àti egungun lẹ ń lọ̀. Ẹ dákun, ẹ sinmi."

Ó ní òun máa gé kókó náà nìkan, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yìn àyẹ̀wò la ó tó mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ á dúró.

Wọ́n gé kókó náà, wọ́n sì dá Àǹtí dúró sí ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin ilé ìwé kan wà lórí ibùsùn tó kángun sí tirẹ̀, orúnkún kan náà ló ń dà á láàmú, wíwú tirẹ̀ kò tó ìdajì. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò tirẹ̀, etí egungun ti rí bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá ń tún un sọ pé, "Èyí tó kéré yìí?" Àǹtí ní kí n bá òun mú aṣọ àti abẹ́rẹ́ wá, ó sì fọwọ́ rán síkẹ́ẹ̀tì kan fún ọmọ náà, èyí tó gùn balẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí a ń retí èsì, a kò gbóòórùn òrí mọ́ nínú ilé. Ìyá ṣì ń jí ní ìdájí. Bí mo bá ń kọjá lọ pọnmi, mo máa ń rí wọn létí ibùsùn Àǹtí tó ṣófo, ọwọ́ wọn méjèèjì lórí itan. Èsì dé: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, ìró ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òórùn òrí tún jí mi. Mo sáré jáde. Ìyá ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi òrí pa ọwọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ.

"Ọwọ́ wọ̀nyí ò níṣẹ́ mọ́," wọ́n sọ, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jókòó ti aláìsàn wọn láti ìgbà náà. Ìwọ náà á ti ṣe bẹ́ẹ̀. O mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń yá síbi tó ń dun ẹni tí a fẹ́ràn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń rántí òórùn yẹn, n ó sì gbé ọwọ́ mi lé itan. Kí ọwọ́ dúró síbẹ̀ le ju kéèyàn máa tẹ ibi tó ń dunni lọ.